Ó Yẹ Kí Ìjọba Bá Òṣìṣẹ́ Gba Owó Iṣẹ́ Rẹ̀

Bí o bá gba Challenge kọjá ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí àwọn awakọ̀ Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe èrò, ìwọ yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì, tí ìyẹ̀fun ti bo irun orí wọn bí ẹni tí ó hewú lóru ọjọ́ kan. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n wọlé. Bí o bá bi wọ́n léèrè iye wákàtí tí àdéhùn iṣẹ́ wọn sọ, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Àdéhùn wo? Ọ̀gá ní, "Máa bọ̀ nírọ̀lẹ́," àwọn náà sì ń lọ.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi nílé ní Àgbowó lọ́jọ́ kan. Mo ti kọ́ ọ níwèé rí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sí etí àga, ó sì ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù márùn-ún. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé, tí àwọn ènìyàn ń ra búrẹ́dì púpọ̀, wọn a máa ní kí ó dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọn a sì sọ pé àwọn yóò san ófátáìmù. Wọn kò san kọ́bọ̀. Ohun tí ọmọ náà wá bẹ̀ mí sí ni èyí: "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá mi. Bóyá wọ́n á gbọ́ tiyín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, kì í sì í ṣe nítorí owó nìkan. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni ó ń wá ẹni tí yóò bá òun bẹ ajigbèsè. Bí ọmọ yìí bá ra ìyẹ̀fun láwìn ní ọjà Bódìjà, tí kò sì san owó rẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ṣé ẹni tí ó ta ìyẹ̀fun ni yóò máa wá alágbàwí kiri? Èrò tèmi ni pé owó iṣẹ́ kì í ṣe ọrẹ tí ọ̀gá ń ta ọmọ-iṣẹ́. Gbèsè ni. Ìjọba tí ó sì ṣòfin pé kí a san án, ó yẹ kí ó fún òṣìṣẹ́ tí kò ní owó lọ́wọ́ ní agbẹjọ́rò tí yóò bá a gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kànga tí kò ní okùn ìfami ni òfin náà.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Wo àáró: bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ yóò bá mi kọ tèmi lọ́la, ẹni tí ó bá sì jẹ àáró tí kò san án di ẹni ìtìjú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Àní ìwọ̀fà pàápàá, tí ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dúró fún èlé owó tí òun tàbí òbí rẹ̀ yá, ó ní àkókò tí ó fi ń ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀, ó sì ní àkókò tí ó fi ń lọ sí oko tirẹ̀. N kò sọ pé ayé ìwọ̀fà dára, n kò sì fẹ́ kí ó padà. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìwọ̀fà mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ pin sí lójúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ní Ring Road kò mọ tirẹ̀.

Ìwọ tí o ń múra ìdánwò lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kàn ọ́. Ó kàn ọ́. Lẹ́yìn ìdánwò, nígbà tí o bá ń dúró de èsì, ìwọ náà yóò fẹ́ wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe. Bóyá wàá máa ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, bóyá wàá máa tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgbowó, bóyá wàá máa bá àwọn onípákó ka pákó ní Bódìjà, tàbí kí wọ́n ní kí o máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni. Ọ̀gá yóò bá ọ sọ̀rọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Inú rẹ yóò dùn, o kò ní béèrè ohunkóhun. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí a wo ohun tí òfin sọ. Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1974 ní kí a san owó òṣìṣẹ́ ní owó tí a ń ná nílùú, kì í ṣe ní búrẹ́dì tí kò tà tàbí aṣọ tí ó ti ṣá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní owó náà kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ kí ó tó di sísan. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé, kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé tí yóò sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, iye tí yóò máa gbà, bí a ó ti máa ṣírò rẹ̀, àti wákàtí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Wákàtí tí ó bá lé lórí èyí tí a fi àdéhùn sí, ófátáìmù ni.

Ṣùgbọ́n kíyè sí ibì kan nínú òfin yìí. Kò sọ iye tí a ó san fún wákàtí ófátáìmù kan. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àdéhùn. Àwọn tí wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ a máa bá agbanisíṣẹ́ jókòó, wọn a dúnàá-dúrà, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ mẹ́rin inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge ńkọ́? Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ní? Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń rí àyè sọ pé, "A ó wo ohun tí a bá fún ọ." Ìtanràn òfin náà sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwàdà. Nínú ìwé òfin bí a ṣe tún un tẹ̀ ní 2004, ìtanràn agbanisíṣẹ́ tí ó bá rú ìlànà owó ọ̀yà kò ju ₦800 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, kò sì ju ₦1,500 lọ bí ó bá tún un ṣe. Owó gidi ni ₦800 nígbà kan rí. Lónìí, kò lè ra búrẹ́dì ńlá kan ní ilé-iṣẹ́ tí ọmọ tí mo ń sọ yìí ti ṣòru ṣiṣẹ́.

Níbo wá ni ènìyàn yóò gbé ẹjọ́ lọ? Ọ̀pọ̀ ń sáré lọ sí tésàn, wọ́n ń rò pé bí ọlọ́pàá bá ti mú ọ̀gá, owó yóò jáde. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan, nítorí náà ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ lọ kàn ń fi owó ọkọ̀ ṣòfò ni. Àwọn mìíràn ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ tàbí ti májísíréètì. Láti oṣù kẹta ọdún 2011, tí Ààrẹ fọwọ́ sí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, National Industrial Court ni ó ní àṣẹ lórí ẹjọ́ àárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ náà ti wà láti 1976, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níhìn-ín. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Àbújá.

Ilé-ẹjọ́ wà nítòsí, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ń jẹun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Bí gbogbo owó tí a jẹ ọmọ kan kò bá ju ₦250,000 lọ, èló ni yóò fún agbẹjọ́rò, èló ni yóò kù sí i lọ́wọ́? Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá Legal Aid Council sílẹ̀ nípa òfin 1976, kí aláìní lè rí agbẹjọ́rò láìsan owó. Òfin tuntun tí a ṣe fún ìgbìmọ̀ náà ní 2011 sọ pé ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ni a ó ràn lọ́wọ́. Láti oṣù keje ọdún 2024, ₦70,000 ni iye náà lábẹ́ òfin àpapọ̀. Wàyí o, bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ọmọbìnrin kan ní Bódìjà bá sọ pé ₦75,000 ni owó oṣù rẹ̀, ó ti kọjá ààlà lórí ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé oṣù márùn-ún tí kò ti rí kọ́bọ̀ gbà. Lóòótọ́, òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣe pàtàkì. Àyè díẹ̀ kò tó. Mo fẹ́ kí a máa wo owó tí ó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe owó tí a ṣèlérí fún un, mo sì fẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ófátáìmù sínú òfin ìrànlọ́wọ́ náà ní kedere, kí òṣìṣẹ́ àti akọ̀wé tí ó bá pàdé nínú ọ́fíìsì má máa jiyàn lórí rẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Public Complaints Commission ti wà láti 1975, a sì lè mú ẹ̀sùn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ti kọ́ńpìnnì lọ síbẹ̀ láìsan owó. Ní 2007, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ Women's Law Clinic, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà àwọn olùkọ́ wọn, ti ń fi ìmọ̀ òfin ran àwọn obìnrin tí kò ní lọ́wọ́. Títì nìkan ni ó wà láàárín yunifásítì náà àti Àgbowó, síbẹ̀ mo ti bá àwọn ọmọbìnrin tí ń ta oúnjẹ ní Àgbowó sọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó yẹ kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa jáde lọ sí Dùgbẹ̀ àti Challenge lọ bá òṣìṣẹ́ níbi tí ó wà.

Àwọn kan yóò ta kò mí. Wọ́n á ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà kò purọ́, ṣùgbọ́n mo bèèrè: ta ni ó kọ́kọ́ ba ọ̀rẹ́ jẹ́? Ẹni tí ó jẹ owó oṣù márùn-ún, tí ó sì ń ra mọ́tò, òun ni ó ba ọ̀rẹ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ kóòtù. Níbi tí kò bá sì sí ọ̀nà tí ó já gaara tí òṣìṣẹ́ lè gbà béèrè owó rẹ̀, nǹkan tí ó burú ju kóòtù lọ ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley ní Enugu. Lára ohun tí ó fa aáwọ̀ náà ni owó tí àwọn awakùsà gbà pé a jẹ wọ́n sẹ́yìn.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọ̀gá náà ń jìyà, pé dísù gbówó lórí, iná kò sí, ọjà kò tà. Èyí ní òótọ́ nínú, n kò ní fojú fò ó. Mo mọ onílé-iṣẹ́ kan tí ó ta ilẹ̀ rẹ̀ kí ó lè san owó àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ètò ìnáwó àwọn yòókù: wọ́n san owó ìyẹ̀fun, wọ́n san owó dísù, wọ́n san owó ilé, nítorí pé bí wọn kò bá san án, ìyẹ̀fun kò ní dé, onílé yóò sì ti ilẹ̀kùn pa. Òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀ pé yóò tún wá ní ìrọ̀lẹ́ bí wọn kò tilẹ̀ san án. Bí ó bá ní agbẹjọ́rò, àwọn náà yóò kà á mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ san.

Ojúṣe kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ìjọba o, ìyẹn ni ìwé. Láti 2015 títí wọ 2018, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó múlé tì wá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba àbọ̀ owó oṣù, àwọn mìíràn ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyà ńlá ni. Àwọn kan kò lè san owó ilé-ìwé ọmọ wọn. Síbẹ̀, gbèsè náà kò sọnù, nítorí pé orúkọ àti iye wà nínú ìwé: ìjọba tí ó wọlé ní 2022 bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀. Èmi kò rí irú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, ilé-ìwé aládàáni kan jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta. Ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Nígbà tí mo lọ béèrè, ẹni tí ó ni ilé-ìwé náà ní òun kò rántí iye tí a jọ sọ. Mo padà sílé. Ìyàwó mi ṣì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di òní pé mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà, èmi fúnra mi kò sì gba lẹ́tà.

Mo mú ọmọ oníbúrẹ́dì náà lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kan tí ó máa ń ran aláìní lọ́wọ́ láìgba owó. Kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó béèrè fún ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sí. Ó béèrè fún fóònù. Ibẹ̀ ni orí ti yọ wá: àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀ tí ó fi iye tí wọ́n ń san fún un hàn nígbà tí wọ́n ń san án, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kọ sí i lórí WhatsApp náà sì wà níbẹ̀, tí ó ń ní kí ó ní sùúrù nítorí owó oṣù márùn-ún náà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba irú nǹkan wọ̀nyí ní kóòtù bí a bá mú wọn wá bí ó ti yẹ. Inú wa dùn. Nígbà náà ni ó kan ọ̀rọ̀ ófátáìmù.

"Òru mélòó?" ni agbẹjọ́rò bi í.

"Wọ́n pọ̀ sà."

"Ọjọ́ wo àti ọjọ́ wo? Aago mélòó lo wọlé, aago mélòó lo jáde? Èló ni wọ́n ní àwọn yóò san lórí wákàtí kan?"

Ọmọ náà wò mí lójú. Èmi náà wo ilẹ̀. Agbẹjọ́rò wá ṣàlàyé pé ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ nínú ìdájọ́ púpọ̀ pé ẹni tí ó bá ń béèrè ófátáìmù gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó tọ́ sí òun, kí ó sì ṣàlàyé bí òun ti ṣírò iye rẹ̀. "Wọ́n pọ̀" kì í ṣe iye.

Ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ilé-iṣẹ́ náà, ojú ìwé kan. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọ̀gá tí kò gbé fóònù tẹ́lẹ̀ ti ń pe ọmọ náà ní "ọmọ mi". Wọ́n san owó oṣù márùn-ún náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ti ófátáìmù wọlẹ̀.

Ó ti kúrò níbẹ̀ báyìí, ó wà ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Ring Road. Ó wá kí mi lọ́dún tó kọjá, ó mú ìwé ìdárayá kékeré kan yọ nínú àpò, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, aago tí ó wọlé, aago tí ó jáde, ẹni tí ó ní kí ó dúró. Ó ní kí n bá òun yẹ ìṣirò oṣù náà wò. Mo wo gbogbo rẹ̀. Ó ṣì wákàtí méjì kà, sí ìpalára ara rẹ̀. Mo mú bírò pupa, mo sì tún un ṣe.